Àmín Tí Mo Ṣe Lẹ́yìn Ọkọ̀

Mo rántí Jímọ̀ kan níta mọ́ṣáláṣí, tí oòrùn Dallas mú débi pé irin ọkọ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn, tí màmá kan sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé nọ́ńbà ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, tí wọn ò gbé e kúrò. Nọ́ńbà náà kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ayé ń lò. Àwòrán ọwọ́ ọmọdé kan, aláwọ̀ ìyeyè bí ẹni pé ọmọ náà ń fi ọ̀dà ṣeré, ló wà lápá kan rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á á fi díẹ̀ kún owó tó ń san lọ́dọọdún, wọ́n á sì fi èyí tó lé yẹn tọ́jú àwọn ọmọ tí jẹjẹrẹ ń bá jà.

Kí n má parọ́, kì í ṣe àánú ló jẹ́ kí n gbà á. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Grand Prairie ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọlọ́pàá kì í sì í jẹ́ kí n gbádùn lójú freeway. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé apartment ló dámọ̀ràn. Ó ní, "Gba ti àwọn ọmọ aláìsàn. Ọlọ́pàá wo ló máa rí i tí ò ní rò pé ọsibítù lò ń sáré lọ?" A rẹ́rìn-ín títí. Mo pè é ní ọgbọ́n. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá tún fi dá mi dúró nítorí iná ẹ̀yìn kan tó kú, ọ̀rẹ́ mi ní bóyá onítọ̀hún ò bímọ ni.

Màmá tí mò ń wí yìí, nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Gbogbo wa ní mọ́ṣáláṣí la mọ̀ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Frisco ni àwọn àti ọkọ wọn ń gbé. Mo tẹ̀ ba, mo ní, "Ẹ káàsán, mà." Wọ́n ní, "Ìwọ náà?" Mo rò pé wọ́n ń béèrè bóyá èmi náà ti ń lọ sílé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí irú ẹ̀ mọ́."

"Àmín."

"Á fi èyí tí yóò dàgbà rọ́pò fún ẹ."

"Àmín, mà."

Ẹni tí wọ́n bá kọ́ nílé bí wọ́n ṣe kọ́ mi mọ̀ pé a kì í gbọ́ àdúrà lẹ́nu àgbà ká dákẹ́. Àmín tèmi ti máa ń jáde kí n tó gbọ́ ohun tí àdúrà wí. Ìgbà tí mo ti ṣe àmín kejì tán ló tó yé mi pé ẹni tọ́mọ kú fún là ń kí bẹ́ẹ̀. Mo lanu láti ṣàlàyé, àmọ́ omi ti lé ròrò lójú Màmá, wọ́n sì tún ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo ṣe àmín sí ìyẹn náà.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń dúró dè mí lẹ́yìn ìrun. Wọ́n á kó mọ́ínmọ́ín inú fọ́ìlì lé mi lọ́wọ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin wọn tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú lọ: bó ṣe jẹ́ pé òyìnbó ló fi ń dá wọn lóhùn nílé, àmọ́ bí ìrora bá dé, Yorùbá ló fi ń sunkún. Kò sẹ́ni tí wọ́n lè bá sọ ọ́. Àwọn ará ilé ní Nàìjíríà ní kí wọ́n má dárúkọ ọmọ náà mọ́, ọkọ wọn kò sì dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín. Lọ́jọ́ kan wọ́n béèrè orúkọ ọmọ tèmi. Mo ní, "Mi ò lè dárúkọ ẹ̀, mà." Wọ́n fọwọ́ pa mí léjìká. Bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ, mò ń sọ fún ara mi pé mi ò kúkú parọ́, òótọ́ ni pé mi ò lè dárúkọ ẹ̀. Irú ọgbọ́n tí mò ń gbọ́n nígbà náà nìyẹn.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n wá bá ọkọ àwọn sọ̀rọ̀. "Bàbá ò gbọ́ tèmi mọ́," wọ́n ní. "Tí wọ́n bá rí ọkùnrin tójú ẹ̀ ti rí irú ẹ̀, bóyá wọ́n á lanu. Mo bẹ̀ ẹ́. Ilé yẹn ti ń dà bíi sàréè." Àgbà ló ń bẹ ọmọdé yẹn. Mo lọ.

Bàbá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò ní ohùn. Wọ́n bi mí bóyá freeway dí. Mo ní ó dí díẹ̀, sà. Lẹ́yìn náà, láìwo ojú mi, wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó ní kí n gbé òun lọ..."

Ohùn wọn fọ́. Mo gbọ́ tí omi ẹ̀rọ dákẹ́ ní kíṣínì, níbi tí Màmá ti ń fọ abọ́. Èmi tí mo ti gbé irọ́ yẹn kiri fún oṣù mélòó kan, ìgbà yẹn gan-an ni mi ò lè gbé e mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má sọ ọ́ fún mi. Mi ò bímọ rí."

Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo àlejò tó ṣi ilé yà. Wọ́n mú rìmóòtù, wọ́n gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Màmá ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo bẹ̀bẹ̀ tẹkúntẹkún. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ yẹn, wọn ò sọ ọ́ létí mi rí." Wọ́n ṣílẹ̀kùn. "Mo ti dárí jì yín. Ẹ rọra wakọ̀."

Yín. Ẹ. Mi ò ju ọmọ tí wọ́n lè bí lọ. Títí dòní, bí a bá pàdé ní Jímọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ káàsán, sà," wọ́n á sì kọjá.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn ò kọ́ mi pé òtítọ́ náà lè dé lákòókò tí kò yẹ. Mo ti rò ó títí: kì í ṣe nítorí Bàbá ni mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, kí àyà tèmi lè fúyẹ́ ni. Ǹ bá ti sọ ọ́ tipẹ́. Nígbà tí mi ò sì sọ ọ́ tipẹ́, ǹ bá jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán.

Ọmọ náà ní kí bàbá òun gbé òun lọ síbì kan. Ó lè jẹ́ ẹnu fèrèsé, ó lè jẹ́ ilé. Mi ò mọ̀ bóyá Bàbá ti parí ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni.