Sùtànà Nínú Àpò Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Kan

Ìyá mi kò gba irọ́ mi gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ pa á. Mo mọ̀. Ó kàn ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wò mí, ó sì ń ní kí n tún un sọ.

"Ọkọ̀ ojú irin lo wí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Láti Agége."

"A máa dé Abẹ́òkúta."

"Ẹ máa rí Olúmọ, ẹ máa rí ilé yín. Lẹ́yìn náà, a máa wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ká lọ wo Mápó, kí ẹ sì rí ọmọ yín."

"Ká tó padà wálé."

"Ká tó padà wálé. Àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan."

"Ọjọ́ kan," ó ní. Ó da èèpo ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sínú abọ́. "Ó dáa."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi parọ́. Àkọ́bí wa obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun, ló ṣètò kí èmi àti bàbá ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, irú èyí tí èèyàn ń gbé inú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ olọ́mọ ní ìṣirò ní Igando, ìsinmi tí mo mọ̀ kò ju kí n sùn di aago mẹ́jọ lọ́jọ́ Sátidé. Físà ti jáde. Ìyá mi ló kù. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, a ò sì lè fi òun nìkan sílẹ̀ nínú ilé. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn ní kí n gbé e wá sọ́dọ̀ òun títí a ó fi dé. Bí kò bá gbà láti dúró níbẹ̀, ìrìn-àjò wa ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀rù sì ń bà mí pé kò ní gbà. Nígbà tí bàbá wa kú, èmi náà ni mo lọ mú un ní Abẹ́òkúta. Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, Mọ́mì. Ẹ wá fara balẹ̀." Aṣọ mẹ́ta ló dì. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ti di ọdún mẹ́jọ. Kí oṣù méjì tó pé, èmi àti àbúrò mi ti fi ilé ẹ̀ háyà fún tíṣà kan. Kò bá wa jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá ní ká jọ lọ ra nǹkan ní Ìkòtún lásán, á kọ́kọ́ bi mí ní aago tí a máa padà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi Abẹ́òkúta ṣe ìdẹ. Mo ní ká jọ gbádùn ara wa fún ọjọ́ kan kí èmi àti ọkọ mi tó lọ, pé ọ̀rọ̀ ẹni tó máa dúró tì í, a ṣì máa wá nǹkan ṣe sí i. Mo kọ ètò náà sínú ìwé, láti aago tí a máa kúrò nílé títí dé ìgbà tí a máa wà ní Mápó. Mo kà á sí i létí. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá mi ń lọ, àwa ń lọ Áńgílíkà tiwa. Lọ́jọ́ Wẹ́sídè kan, nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan ká lọ, ó ti ìsìn dé, kò tíì jókòó tó fi sọ̀rọ̀.

"Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tó ń gbé ní àdúgbò Command. Ọkọ̀ ojú irin yẹn ló fi ń kó ọjà lọ sí Ìbàdàn. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan nírọ̀lẹ́ ló ń lọ. Bí a bá bọ́ sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta láàárọ̀, ti ìrọ̀lẹ́ la máa tún wọ̀ dé Ìbàdàn. Èwo la máa wá wọ̀ padà wálé lọ́jọ́ kan náà?"

Èmi olùkọ́ ìṣirò. Ìtìjú bò mí, orí mi sì gbóná, bí ẹni pé òun ló ṣe mí. Mo ní mo ti yí ètò náà padà, pé Ìbàdàn la máa lọ tààrà láàárọ̀, ká bá ti ìrọ̀lẹ́ padà.

"Abẹ́òkúta ńkọ́?"

"Ọkọ̀ máa dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa rí i láti ojú fèrèsé."

Ó wò mí títí. "Ó dáa," ó ní.

"Ó dáa" kejì yẹn ló jẹ́ kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Ìyá mi kì í gba nǹkan wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá ń ṣọ́ ọ. Ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú ilé ìwẹ̀, omi á máa dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí n má bàa gbọ́. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn, á ní àṣìpè ni. Àṣìpè wo ni èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú? Mo gbà pé àbúrò mi ló ń halẹ̀ mọ́, pé kó má gba òun sílé. Mo pe àbúrò mi, ó ní òun ò gbúròó ẹ̀. Mo ní irọ́ ló ń pa. A jà lórí fóònù.

Ọkọ mi ní, "Ṣé o ò kàn ní sọ òótọ́ fún màmá yìí ni?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́."

Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo lọ mú wọn fún ọ̀sẹ̀ kan." Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Nígbà tó ku ọ̀la, ìyá mi jáde lọ́sàn-án, mo sáré di àpò ẹ̀. Mo kó ìró àti bùbá díẹ̀ sí i, mo kó oògùn ẹ̀ sí i. Mo wá rántí pé Sunday máa bá a ní Ìbàdàn, ìyá mi kì í sì í pa ìsìn jẹ. Mo fọ sùtànà ẹ̀, mo fi sítáàṣì sí i, mo lọ̀ ọ́, mo sì ká a sí ìsàlẹ̀ àpò. Inú rere ni mo pe ìyẹn. Ẹ̀rí-ọkàn mi tiẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Láàárọ̀ Thursday, ó jáde láti yàrá. Sùtànà náà ló wọ̀, ó funfun báláú, kò sì wọ bàtà, torí wọn kì í wọ bàtà sí i.

"Mọ́mì, Thursday lòní."

"Mo mọ̀. Mo rí i nínú àpò tó o dì fún ìrìn-àjò ọjọ́ kan. Mo ní bóyá Sunday la tó máa dé."

Ọkọ mi wọ ilé ìdáná lọ, mo sì gbọ́ tó ń wúkọ́. Nígbà tí mo gbé àpò náà, ó ti wúwo ju bí mo ṣe dì í lọ. Ìkòkò kékeré kan wà nínú ẹ̀, Bíbélì, àti páálí oògùn tí kì í ṣe èmi ni mo rà. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti mọ̀, ó sì ti gbà, inú ló kàn ń bí i. Ìbínú ò jẹ́ nǹkan kan. Ohun tí mo ń wá ni kó ṣá ti dúró ní Ìbàdàn.

Ní Agége, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn. "Èyí tí a máa fi padà dà?"

"Ọ̀hún la ti máa rà á, Mọ́mì."

"Ó dáa." Ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí. Kò sùn. Èmi náà ò lè sùn, torí mo ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Kí wọ́n tó pe Abẹ́òkúta rárá, ó ti dìde.

"Bá mi gbé àpò."

"Mọ́mì, Ìbàdàn kọ́ nìyí."

"Mo mọ ìlú mi."

Ó bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ lásán lórí kankéré. Àwọn èèyàn yà fún un nítorí aṣọ tó wọ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gbé àpò tẹ̀ lé e, ọkọ̀ sì lọ. Mo pe àbúrò mi tó ti ń dúró dè wá ní Ìbàdàn, mo ní a ti bọ́ sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀?" Mo pa fóònù.

Ní Ìjẹjà, níwájú ilé tí a fi háyà, ìyá mi yọ kọ́kọ́rọ́ láti inú pọ́ọ̀sì ẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀. Yàrá ti mọ́ tónítóní. Tíṣà ti kó jáde láti oṣù tó kọjá. Ìyá mi tó jẹ́ lánlédì ni tíṣà pè, ìyá mi sì bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún wa. Opó kan nínú ìjọ wọn l'Abẹ́òkúta ló wá gbálẹ̀, òun ló sì máa bá a gbé. Òun náà ni àṣìpè inú ilé ìwẹ̀. Oògùn yẹn, ọkọ mi ló bá a rà á.

Inú bí mi débi tí omi bọ́ lójú mi. "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Tó bá jẹ́ pé ẹ sọ ni..."

"Ìwọ ńkọ́?" ó ní. Ó fi ìkòkò ẹ̀ sórí sítóòfù. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ń tu ọmọdé nínú. "Ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Mo fẹ́ wá fara balẹ̀."

Mo mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ rí.

A lọ sórí omi. Oúnjẹ pọ̀, òkun pọ̀, ọkọ mi ń ya fọ́tò. Èmi ń pe Abẹ́òkúta lójoojúmọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń tẹ́tí bóyá ohùn ẹ̀ yí padà. Kò yí padà. Ó ní ara òun le, kí n lọ jẹun, jàre.

Nígbà tí a dé, mo lọ mú un. Ó fún mi lómi, ó gbé ẹ̀wà fún mi. Aṣọ ìbora ẹ̀ wà lórí okùn, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pè é ní Ìyá bí ẹni pé kò lọ síbì kankan rí. Mo gbé tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí mo ti rà sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ó mú ọ̀kan, ó wò ó níwájú àti lẹ́yìn, ó sì rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi.

"Ẹnìkan ṣoṣo ló ń lọ sí Èkó lónìí," ó ní. "Aago mélòó ni ọkọ̀ ẹ?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí mo ti sanwó ẹ̀ ṣófo títí tí a fi dé Agége.