Òjò Ọyẹ́ Lórí Ogbe-Ijoh

Owó tí mo san fún kẹ̀kẹ́ láti Jakpa Road dé Okere ní Warri lánàá ju gbogbo owó oṣù mi lọ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Bí mo bá sọ fún ọmọ ìwòyí pé kọ́bọ̀ la fi ń ra búrẹ́dì, á ní bàbá ti ń ṣarán. Síbẹ̀, n kì í ná ẹja gbígbẹ. Iye tí wọ́n bá pè ni mò ń san.

Nígbà ìjà ẹ̀yà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Warri, àwa mẹ́ta la wà ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́: èmi, obìnrin ará Ọ̀yọ́ kan tó kéré sí wa, àti ọkùnrin Ìlàjẹ kan tí àwa méjèèjì ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Rédà kékeré kan la fi ń wá òjò. Ó dà bí ẹni tó ké sí òdìkejì odò tí ohùn rẹ̀ sì padà wá bá a: ó ń rán ìgbì jáde, èyí tó bá kọ lu ẹ̀kán òjò á padà. Bí ẹ̀kán bá tóbi tó sì pọ̀, èyí tó padà á lágbára, ojú ẹ̀rọ á pupa. Bó bá jẹ́ òjò winniwinni, á kàn ní àwọ̀ ewé. Agbára ohun tó padà nìkan ló ń wọ̀n. Kò mọ ohun tó kọ lù.

Ìyá Ẹ̀gbọ́n ń sá ẹja sórí ẹní létí omi ní Ogbe-Ijoh. Ìgbàkígbà tí òjò bá yọ sí apá ibẹ̀, Ẹ̀gbọ́n á gun alùpùpù rẹ̀ lọ bá a kó ẹja wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, àwọ̀ ewé yọ sórí Ogbe-Ijoh.

“Òjò nínú ọyẹ́?” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yín ti mu ògógóró o.”

“Máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Bí ẹja ìyá mi bá rin, ìwọ lo máa rà á tán.”

“Ẹ yáa mú tèmi bọ̀ kó tó rin!”

Ó lọ. Kò pẹ́ tí àwọ̀ ewé náà ń di àwọ̀ ìyeyè, bí ẹni pé òjò náà ń le sí i. Mo jáde wo ojú ọ̀run, òjò kò ṣú. Èéfín dúdú ló ń rú láti apá odò, eérú sì ń bọ́ sí mi léjìká. Àwọn tó ń jà ti ń dáná sun ilé. Eérú àti ẹ̀rúnrún ilé àwọn èèyàn tó ń fò lókè ni rédà kà sí òjò.

Ẹ̀gbọ́n á ti rí èéfín yẹn lójú ọ̀nà. Kò yà padà. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ọmọ òun gbé òun sínú ọkọ̀ ojú omi, ọmọ náà sì ní òun ń lọ mú aládùúgbò wọn kan tí kò lè rìn. Ọkọ̀ kò lè dúró dè é.

Ìyá padà sídìí ẹja sísá nígbà tí ìjà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ṣú, kì í kó ẹja wọlé mọ́. Ó ní ẹni tó ń bá òun kó o ń bọ̀.

Ìyá náà ti kú. Obìnrin ará Ọ̀yọ́ yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Èmi náà wà. Ẹ̀gbọ́n, a kò rí òkú rẹ̀ sin. N kò mọ bóyá kí n kà á mọ́ òkú tàbí kí n kà á mọ́ alààyè.