Ó Kọ́ Wa, Ó Kọ̀ Wá

Àwọn tó lé Tíṣà Ọ̀jẹ̀túndé kúrò nídìí dùùrù ló ṣe ìsìn ìrántí fún un. Wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sára báńà gàgàrà kan, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣakí. Nínú àwòrán náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín báyẹn lójú wọn rí.

Orin ló kọ́ wa láti kékeré. Ọ̀rọ̀ kan náà ló fi ń bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ tuntun: "Kọ̀. Kọ. Kọ́." Dò, re, mí. A ó pè é títí ẹnu á fi ro wá.

"Bí ẹ bá ń bẹ Ọlọ́run pé kó kọ́ yín," á ní, "tí ẹ wá fa ohùn walẹ̀, kó kọ̀ yín lẹ ń bẹ̀ ẹ́."

Kò jẹ́ kí ohùn orin òyìnbó lọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́rùn. Èmi tí mo ń kọ ewì lónìí, etí rẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ ohun tí mo bá kọ. Kò sẹ́ni tó fún mi ní ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alàgbà Ayọ̀dàmọ́lá, alága ìgbìmọ̀ orin, ló ní kó lọ sinmi. Alàgbà lọ gbọ́ àwọn akọrin kan ní Ìbàdàn, ó padà dé, ó ní òórùn èlùbọ́ ti pọ̀ jù lára orin tiwa. Èlùbọ́ yẹn náà ló ń jẹ lálaalẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá Florence, ìyàwó Tíṣà, bẹ̀ wọ́n fún: kí wọ́n jẹ́ kí àwa ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ orin ìrántí rẹ̀, kí ohùn orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, bó ṣe kọ́ wa.

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá," Alàgbà dáhùn. "A ti rí ohùn ìlú òyìnbó fún un. Ẹ̀yin náà á gbádùn ẹ̀."

"Bàbá ò ní gbádùn ẹ̀."

"Bàbá ti lọ sinmi, Màmá."

Nígbà tí àsìkò tó, àwọn akọrin dìde nínú aṣọ tuntun. "Ó kọ́ wa" ló wà nínú ìwé ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ohùn ti gòkè, ibẹ̀ gan-an ni orin òyìnbó ti já wálẹ̀.

"Ó kọ̀ wá," wọ́n ń ké, tayọ̀tayọ̀. "Ó kọ̀ wá, Tíṣà wa ọ̀wọ́n."

Alàgbà di ojú, ó ń mi orí.

Ìyá Mujeebat, Mùsùlùmí aládùúgbò tó ń sá èlùbọ́ sórí àpáta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, yọjú lójú fèrèsé. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ Tíṣà láti ibẹ̀.

"Ta ló kọ̀ yín?"

"Tíṣà ni," ẹnì kan dá a lóhùn.

"Ó mà ní sùúrù o. Èmi ì bá ti kọ̀ yín tipẹ́."

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn ará ẹ̀yìn. Màmá Florence ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde. Ohùn rẹ̀ ti gbó, ó sì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó gòkè níbi tó yẹ kó gòkè: "Ó kọ́ wa." Àwa tó kọ́ náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, a gbè é. Ẹni tó ń tẹ píánò wá ohùn wa títí, kò rí i, ó káwọ́ kúrò.

Nígbà tí a parí, Alàgbà la ojú, ó gba maikì.

"Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ ò rí i pé orin wa tètè mọ́ yín lára?"

Tíṣà ì bá tún bẹ̀rẹ̀ fún un láti orí "Kọ̀." Èmi ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.