Ológbò Dúdú Lẹ́yìn Olórin

Mo fẹ́ràn ológbò, mi ò sì tijú ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe èyí tó ń pa eku nìkan o. Èyí tí wọ́n ń yà gan-an ni mo ń wí: orí roboto, ojú ńlá, imú bíńtín. Ó wà lára fóònù mi, ó wà lára báàgì mi, ó wà lára sálúbàtà tí mo fi ń wọ balùwẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní mo ti dàgbà jù ú lọ. Kí wọ́n máa wí. Mo tún ń lu gìtá, orin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí àwọn rédíò Òṣogbo kì í fi síta, èyí táwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní alté.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Iléṣà, ni olórin ẹgbẹ́ wa. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ìyá ìjọ, ará ilé àdúrà pọ́ńbélé. Ìyá yìí ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wò wá ní Ìkéjì-Arákeji, níbi tá a ti fẹ́ kọrin fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní bí òun bá fi lè rí ohun tí kò tẹ́ òun lọ́rùn, orin parí nìyẹn. Ẹ̀rù ba ọ̀rẹ́ mi débi pé kò lè jẹun.

Màámi ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Òṣogbo. Mo ya ológbò kan tó gbé gìtá kọ́rùn sára aṣọ tá a máa kọ́ sẹ́yìn wa. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kì í mu aró, funfun ló máa ń wà. Mo ní kí Màámi fi ẹ̀kọ kún inú ológbò náà, mo bá gba ibi ìdánrawò lọ. Àṣé ojú aṣọ kì í ṣófo níṣẹ́ tiwọn. Wọ́n fi ẹ̀kọ ya ewé àti ẹyẹ yí ológbò náà ká, wọ́n kún gbogbo àyíká rẹ̀ dẹ́nu, ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ẹ̀kọ sí lára òun fúnra rẹ̀. Wọ́n wá rì í sínú aró léraléra.

“Màámi! Ológbò funfun ni mo ní!”

“Kí n wá fàyè sílẹ̀ lófìfo, káwọn èèyàn máa ní ọwọ́ mi ti kú? Wo aró! Ó dú àbí kò dú?”

Ó dú kirikiri, ojú rẹ̀ funfun báláú. Nílé tiwa, orí ẹní ìkírun ni músù ń sùn, kò sẹ́ni tó ń lé e. Nílé ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Ológbò dúdú, àjẹ́ ni. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe rí aṣọ náà báyìí, ó káwọ́ lérí.

“Mo gbé!”

“O ò gbé ibì kankan. Bá mi di etí rẹ̀ mú ká gbé e kọ́.” Kò sí òmíràn, iṣẹ́ ìyá mi sì dára. Mi ò ní tìtorí ẹnikẹ́ni ká a.

Lọ́jọ́ náà, orin kejì la wà tí ìyá ọ̀rẹ́ mi wọlé.

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù!”

Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́. Ó ń bọ̀ níwájú wá mú ọmọ rẹ̀. Èmi ò dáwọ́ gìtá dúró. Ọ̀rẹ́ mi ló dákẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, tòun ti máìkì lọ́wọ́, gbogbo wa sì gbọ́ ohun tó sọ:

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo aṣọ. Ẹ gbọ́ mi.”

Ìyá wá fa àga rọ́bà kan, ó yí i padà, ó kẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sáwọn èrò, ó jókòó.

“Ó yá, kọ ọ́.”

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀. Láyé mi, mi ò gbọ́ kó kọrin báyẹn rí. Inú mi ń dùn. Nígbà tó fi máa parí, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn èrò ń wo ojú ìyá náà; ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan làwa ń rí. Ó nawọ́ sókè, kò bojú wẹ̀yìn.

“Tún un kọ,” ló wí.