Gbólóhùn tí Bilqis Kọ̀ Láti Yọ

Ó di ọdún kẹta báyìí tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá kan tó ń jẹ́ Abdulkadir dùbúlẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán, láti ìgbà náà ni Bilqis, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò ti sun ilé mìíràn. Bíríkìlà ni bàbá náà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ó mọ gọ́tà títí dé Arandun. Ìyá ti kú. Usamah, ẹ̀gbọ́n Bilqis, ń gbé Kánò pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, a sì máa pè wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀. Dókítà ní kí wọ́n máa yí bàbá padà ní wákàtí méjì-méjì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Nítorí náà, ibikíbi tí Bilqis bá fẹ́ lọ, wákàtí méjì ni okùn rẹ̀ gùn mọ.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ nípa omi ni ó kà nílé ìwé. Ilé-iṣẹ́ kan ní Àbújá fẹ́ gbà á nígbà kan, òun ló kọ lẹ́tà pé òun kò lè wá. Iṣẹ́ tí ó rí ṣe láti inú yàrá bàbá rẹ̀ ni èyí tí mo fẹ́ sọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń ya ìlú sórí kọ̀ǹpútà, wọn a rọ òjò sí i, wọn a wo ibi tí omi yóò ti kún. Kọ̀ǹpútà a wá tú ìròyìn gbọọrọ jáde, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà. AI, ẹ̀rọ tí ń ronú bí ènìyàn, ló ń ka ìròyìn bẹ́ẹ̀ lóde òní, ṣùgbọ́n kò lè dá a tú. Irinṣẹ́ kéékèèké inú kọ̀ǹpútà ló ń rán níṣẹ́. Bilqis ló ń kọ ìwé ìlò àwọn irinṣẹ́ náà: ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ohun tí a ó fún un, ohun tí yóò mú bọ̀. Ohun tí Bilqis bá kọ, òun ni AI mọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù karùn-ún, Bilqis ń dán irinṣẹ́ kan wò, èyí tí ó ń ka iye ibi tí omi ti kún. Ó fún un ní ìròyìn kan tí ìṣirò rẹ̀ dá dúró lágbedeméjì. Ojú ìwé tí ó yẹ kí ó sọ nípa ìkún-omi kò sí níbẹ̀ rárá. Irinṣẹ́ náà mú òdo bọ̀. AI gba òdo, ó sì kọ ọ́ pé kò sí ibi tí omi ti kún nínú ìlú náà.

Bilqis ronú kan àwọn ènìyàn tí yóò kọ́lé lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ gbólóhùn kan sínú ìwé ìlò náà pé bí ojú ìwé ìkún-omi kò bá sí, òdo kò túmọ̀ sí pé omi kò kún, a kò mọ̀ ni.

Mubashir, ọ̀gá rẹ̀ tí ó wà ní Ìlọrin, tí wọn kò tíì fojú kan ara wọn rí, yọ gbólóhùn náà. Ó ṣàlàyé lórí fóònù pé oníbàárà tó gbé iṣẹ́ náà fún wọn kò fẹ́ kí ìwé ìlò máa sọ àbùkù irinṣẹ́. Àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà yóò tún un ṣe bí àyè bá yọ. Bilqis béèrè bóyá òun lè bá àwọn yẹn sọ̀rọ̀. Mubashir ní àdéhùn tí Bilqis fọwọ́ sí kò gbà á láyè. Bilqis dá gbólóhùn náà padà. Mubashir tún yọ ọ́, lọ́tẹ̀ yìí ó fi kún un pé àwọn tó mọ ìwé kọ pọ̀ nílẹ̀.

Bilqis gbé fóònù sílẹ̀, ó wo yàrá náà. Bẹ́ẹ̀dì bàbá wà lápá kan, tábìlì tirẹ̀ lápá kejì, fèrèsé kan ṣoṣo sì kọjú sí ògiri aládùúgbò. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, iṣẹ́ wo ni ó tún lè ṣe láàárín wákàtí méjì? Bí ó bá sì dákẹ́, orúkọ òun ló wà lórí ìwé náà. Ó ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ láti òde.

Bàbá ti ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó jáde. Ó béèrè ohun tó ń dà á láàmú, Bilqis sì ṣàlàyé bí ó ti lè yé e.

"Àmọ̀kẹ́," oríkì rẹ̀ ni bàbá fi pè é, "gọ́tà tí mi ò bá tíì dé ìdí rẹ̀, n kì í sọ fún ọ̀gá pé ó ń ṣàn dáadáa."

"Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Màá mú un débẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ wò ó."

Bilqis yí i padà, ó fún un ní ògì, ó wá jókòó. Ó fún AI ní ìròyìn tí kò pé náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí gbólóhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìlò, AI ní omi kò kún níbì kankan. Nígbà tí ó wà níbẹ̀, AI ní ìròyìn náà kò pé, kí wọ́n tún ìṣirò ṣe. Ó fi ìdáhùn méjèèjì ránṣẹ́ sí Mubashir láìfi àlàyé kankan kún un.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò òun. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Usamah pè, ó ní òun kò ní lè wá fún Iléyá mọ́. Bilqis ní kò burú, ó gbé fóònù fún bàbá.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Mubashir pè.

"Àwọn oníbàárà ti kà á," ni ó wí. "Ó máa dúró. Wọ́n ní kí irú rẹ̀ wà fún gbogbo irinṣẹ́ tó kù."

"Mélòó ló kù, ọ̀gá?"

"Mọ́kànlélógójì. Ìparí oṣù ni wọ́n fẹ́ ẹ."

Inú rẹ̀ dùn, kò sì lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó ti ń gbèrò láti tọrọ ìsinmi ọjọ́ méjì bí Usamah bá dé, kó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìgbàjà. Ó jáde sí iwájú ilé. Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Ọlọ́kadà kan tó ń lọ sí Àrán-Ọ̀rin rí i tó dúró, ó rọra tẹ bíréèkì, ó béèrè bóyá ó ń lọ.

"Mi ò lọ," ni Bilqis dáhùn.

Ọ̀kadà náà ṣí lọ. Bilqis dúró díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó wọlé, nítorí àkókò láti yí bàbá padà ti tó.