Àmì Eré Ọkọ̀ tí Mo Lọ Kó Jọ Nílùú Ọba

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni Múfù fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà mi ní Ayétòrò. Kọ́ńdọ́ mi ni Múfù nígbà kan, lásìkò tí mò ń fi bọ́ọ̀sì ná Ayétòrò sí Ìmẹ̀kọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà kí orúnkún mi tó ní kí n sinmi. Báyìí Múfù ti di ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ti búra pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò gbé ọ̀gá òun lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ní Èkó.

A gba Ìgbógìlà, a gba Ìbéṣé, a já sí Ìlaro. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé ó sàn kéèyàn ti kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́, torí bí àwọn tírélà bá ti jí, àwọn ló ni títì. Múfù ń sáré gan-an. Mo wo aago tó yẹ kó máa sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí òdo.

"Ìgbà wo leléyìí ti kú?"

"Bí mo ṣe rà á nìyẹn, ọ̀gá. Etí ni mo fi ń gbọ́ eré."

Mi ò bá a wí, torí èmi ni mo kọ́ ọ. A ra búrẹ́dì àti àkàrà ní Sango, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà fún àwa méjèèjì, nígbà tó sì di aago mẹ́jọ ó ti já mi sílẹ̀ pẹ̀lú àpò gààrí mi.

Bọ́sẹ̀, àkọ́bí mi, ló wá pàdé mi lọ́hùn-ún. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú kékeré kan tí màlúù àti àgùntàn pọ̀ yí ká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wakọ̀ láti ilé dé ilé, kó wẹ àwọn arúgbó tí kò lè dá wẹ̀, kó fún wọn lóúnjẹ, kó tún gba ilé tó kàn lọ. Láìsí ọkọ̀, kò sí iṣẹ́. Mo rò pé ẹni tó ń wakọ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ á ti mọ bí wọ́n ṣe ń fò ó. Ìgbín ni mo bá nídìí ọkọ̀.

Mo ní, "Bọ́sẹ̀, ṣé ẹyin la kó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé. Níbẹ̀, bí kámẹ́rà bá ká ọ mọ́ ibi tó o ti sáré kọjá ìwọ̀n, wọ́n á fi póìntì mẹ́ta sórí ìwé ìwakọ̀ rẹ. Bí ó bá pé méjìlá, wọ́n á gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán.

"Mẹ́sàn-án ló wà lórí tèmi, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ pé mò ń sáré lọ bá arúgbó kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù, mo sì ti di ẹni tí kò níṣẹ́ nìyẹn."

Ibi tá a ti dúró mu tíì, tó jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ta ààbọ̀ fún ife kan, ni mo ti ra ìwé eléwé ogójì kan. Mo fẹ́ máa kọ ohun tí mo bá rí lójú ọ̀nà sílẹ̀ fún Múfù àti àwọn ará gáréèjì wa. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ ni pé máìlì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe kìlómítà; máìlì kan ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ díẹ̀. Nọ́ńbà wọn máa ń wà nínú òbìrí pupa, òdo ló sì máa ń parí rẹ̀: ogún, ọgbọ̀n, ogójì. Àmọ́ mo tún rí ọ̀kan tó funfun, tí wọ́n fa ìlà dúdú kan dábùú rẹ̀, tí kò ní nọ́ńbà kankan. Bọ́sẹ̀ ní ọgọ́ta ni ìtúmọ̀ rẹ̀ lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà náà sì rèé, ó há bí ọ̀nà oko ìyá mi, igi tí wọ́n gbìn ṣe ọgbà ń fọwọ́ kan ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá sá ọgọ́ta níbẹ̀, ọ̀run ló ń lọ.

Àwọn tí kì í ṣe ti ìjọba ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Bọ́sẹ̀ ní ẹni tó bá ni ilẹ̀ lè kọ nọ́ńbà tó bá wù ú sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo rí márùn-ún níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Mo rí mẹ́rin létí odò, ti àwọn ọkọ̀ ojú omi ni. Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà kan tí àwọn èèyàn ti ń fi ilé onítáyà ṣe ìsinmi, mo rí méjìlá ààbọ̀. Mo ní kí Bọ́sẹ̀ dúró, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá obìnrin tó ń tún òdòdó ṣe níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi kò yọ̀, àmọ́ ó máa ń débi tí mo bá rán an.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, kí ni ààbọ̀ yẹn ń ṣe níbẹ̀?"

Ó ní nígbà tí òun kọ mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni ò wò ó. "Látìgbà tí mo ti kọ ààbọ̀ sí i, gbogbo wọn ló ń tẹ bíréèkì kí wọ́n lè kà á dáadáa. Ẹ̀yin gan-an ti sọ̀ kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí dùn mọ́ mi débi pé mo fi ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé mi. Láti ọjọ́ náà, bíi ẹni tó ń ṣa olú ni mo ṣe ń wá àmì káàkiri.

Ohun tó sì kó bá wa nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì tí mo lò níbẹ̀, à ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, Bọ́sẹ̀ wé gèlè aláwọ̀ ewé. Bá a ṣe fẹ́ wọ ìlú ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà oko kan, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára pákó.

"Bọ́sẹ̀, wò ó, wò ó, mẹ́tàdínlógún."

Ó yíjú wò ó. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn la kọjá òbìrí pupa tí wọ́n kọ ọgbọ̀n sí, kò rí i. Iná kọ mànà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn wa, láti inú àpótí kámẹ́rà yẹ́lò kan. Bọ́sẹ̀ wá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó páàkì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n ti yà mí, Bàbá."

Kò bá mi wí, nígbà yẹn àti lẹ́yìn náà, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo ti ìwé eléwé ogójì náà bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí Bọ́sẹ̀ bá ti jáde láàárọ̀, ojú ihò tí wọ́n ń gbà ju lẹ́tà wọlé lẹ́nu ilẹ̀kùn ni mo máa ń wò. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lẹ́tà àwọn ọlọ́pàá jábọ́ sílẹ̀. Mo ṣí i. Ìbéèrè kan ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀: ta ló ń wa ọkọ̀ náà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe ń ṣe é nílé. Ní gáréèjì wa, bí ọlọ́pàá bá mú ọmọdé awakọ̀ kan, àgbà kan á bọ́ síwájú, á ní òun ni kí wọ́n mú. Ọlọ́pàá á wo irun funfun, àwa tó kù á máa bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán. Mo ti gba ẹ̀bi báyìí fún Múfù lọ́jọ́ tó fi bọ́ọ̀sì mi wó ògiri ilé onílé kan n'Ímẹ̀kọ, gbogbo èèyàn ló sì yìn mí. Nítorí náà mo mú báírò. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀, mo kọ nọ́ńbà ìwé ìwakọ̀ mi, mo buwọ́ lù ú, mo lẹ àpòòwé pa. Ara mi fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìsinmi yẹn.

Nígbà tí Bọ́sẹ̀ dé lọ́sàn-án, mo fà á lé e lọ́wọ́, mo ní kó fi ibi tí wọ́n ti ń ju lẹ́tà hàn mí. Mo rò pé á dúpẹ́ ni. Ó ya àpòòwé náà, ó kà á, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnì.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ti àwa méjèèjì mọ́lé ni?"

"Ta ló máa mọ̀? Èmi ń padà sílé, kí wọ́n wá fi póìntì wọn bá mi l'Áyétòrò."

"Wọ́n ya fọ́tò, Bàbá. Gèlè mi wà nínú rẹ̀." Ẹ̀rín fẹ́ pa á, àmọ́ ẹkún ló jáde. "Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń sọ èèyàn sí nítorí irú èyí níbí. Kódà ká ní kò sí gèlè, mi ò ní jẹ́ kí bàbá mi ti ìtorí mi purọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi?"

Mo rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún mi tí kò dáa, mo ní, "Má bínú, ọmọ mi." Mi ò rántí pé mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ mi kankan rí. Ojú tì mí, mo sì tún ń fi í yangàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́jọ́ kejì ó tẹ̀ wọ́n láago pé ìwé náà ti bàjẹ́, wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ méjìlá la fi retí èsì. Èsì dé: márùndínlógójì ló sá níbi ọgbọ̀n. Níwọ̀n bí ìyẹn kò ti pọ̀ jù, tí ó sì ti ju ọdún mẹ́ta lọ tó ti ṣe kíláàsì àwọn tó sáré jù kẹ́yìn, wọ́n gbà á láyè kó sanwó òmíràn dípò póìntì. Bọ́sẹ̀ ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà á gbọ́.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe kíláàsì náà, lórí tábìlì kíṣìnì. Mo jókòó sí òdìkejì níbi tí olùkọ́ kò ti lè rí mi, mo mú ìwé eléwé ogójì mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń dáhùn ìbéèrè sínú rẹ̀. Olùkọ́ ní bí iná títì bá wà lójú ọ̀nà láàárín ìlú tí àmì kò sí níbẹ̀, mélòó ni ìwọ̀n eré? Mo kọ àádọ́ta. Ọgbọ̀n ni. Ó ní bí ọkọ̀ bá ń sá ọgbọ̀n, tí ọmọdé bá já síwájú rẹ̀, báwo ni yóò ṣe jìnnà tó kó tó dúró? Mo kọ mítà márùn-ún. Mẹ́tàlélógún ni. Nígbà tó parí, mo gba méjì nínú mẹ́wàá.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí ilé mi kọjá, pẹ̀lú fèrè, pẹ̀lú eré, àwọn ọmọ á máa sá yà fún mi. Mo máa ń rò pé mo mọ ọkọ̀ wà ni. Nínú kíṣìnì ọmọ mi ni mo ti mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń bá mi wà á, ẹ̀rù sì bà mí fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo padà sílé. Múfù ló wá gbé mi, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fò bọ̀ láti Ìlaro. Mo ní kó dín in kù. Ó bi mí bóyá ara mi ò yá.

Ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo wá pákó kan, mo fi ọ̀dà pupa fa òbìrí, mo kọ mẹ́sàn-án, iye póìntì Bọ́sẹ̀, sínú rẹ̀, mo sì rì í mọ́lẹ̀ níwájú ilé ẹ̀kọ́ náà. Mo mọ̀ pé aago ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa kò ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè sá mẹ́sàn-án gééré. Mo gbé àga mi sí ìdí rẹ̀. Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tó dé tẹ bíréèkì, ó fẹsẹ̀ tilẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Mẹ́sàn-án kí nìyí? Ṣé nọ́ńbà ilé ni?"

Nígbà tí mo fi ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀ fún un, bí ọmọ mẹ́wàá ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀ láìsáré. Òun náà rò fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn yẹn sì wá wò ó. Múfù pàápàá ti tún aago ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ó ní kí n yé wo òun bẹ́ẹ̀ yẹn.

Bọ́sẹ̀ pè mí ní Sunday tó kọjá. Ó ní bó bá di ọdún tó ń bọ̀, mẹ́ta máa kúrò lórí ìwé òun, á ku mẹ́fà. Ó bi mí bóyá màá tún pákó mi kùn sí mẹ́fà.

Mo sọ fún un pé kó gba mẹ́fà rẹ̀ kó máa dúpẹ́. Mẹ́sàn-án yẹn, tèmi ni.