Bí Wọ́n Ṣe Sọ Ẹnjiníà Rùkáyà Kalẹ̀ ní Iléṣà

Ẹnjiníà Rùkáyà Ògúnjìnmí kì í gòkè. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, Òkè Baálẹ̀ l'Óṣogbo ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà tí iléeṣẹ́ ìkọ́lé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ìpìlẹ̀ kò ni ín lára rárá. Òrùlé ni wàhálà. Bó bá ti gun àkàbà díẹ̀ báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á di igi mú pinpin, àfi kí ó bẹ ọwọ́ náà kí ó tó tú u sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́, nítorí ó ti wá nǹkan ṣe sí i. Ó ra mẹ́gáfóònù kan, irú èyí táwọn oníwàásù fi ń jí àdúgbò láàárọ̀, ó sì ń gbé e kọ́ èjìká kiri. Bí wọ́n bá dé ibi iṣẹ́, á ní káwọn ọmọ ẹ̀kọ́ gòkè, òun á dúró nílẹ̀, á máa fi ẹ̀rọ náà kọ́ wọn láti ìsàlẹ̀. Ó ní ẹnjiníà tó wà lórí ilé, ibi tó tẹ̀ nìkan ló ń rí. Ẹni tó dúró nílẹ̀ ló ń rí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọgbọ́n lójú wọn. Nùrẹ́nì, ọmọ ẹ̀kọ́ tó láápọn jù, tilẹ̀ fi máákà kọ ọ́ sára fìlà líle tó ń dé síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ó kó Nùrẹ́nì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Testimony àti Nehemiah, gba Ìbòkun lọ sí Iléṣà, níbi tí iléeṣẹ́ wọn ti ń kọ́ ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé. Wọ́n ti da kọnkéré dẹ́kìn, ilẹ̀ àjà kejì, ó sì ti gbẹ, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ṣe àtẹ̀gùn. Àkàbà onígi làwọn òṣìṣẹ́ fi ń gòkè. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ṣì wà nílẹ̀, wọ́n ń de okùn bàtà wọn, nígbà tí Ẹnjiníà Rùkáyà tan mẹ́gáfóònù. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ han gooro, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ jáde, ó nípọn, ó ń gbọ̀n bí ohùn àgbò.

Ó ṣe ni láàánú pé àgbò kan wà nítòsí. Ti Màmá Bólúwají ni, ìyá kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́, tí ìdílé rẹ̀ ń dá oko kókó. Àgbò náà ti ń jọba ní àdúgbò yẹn tipẹ́. Ó gbọ́ ohùn, ó gbà pé àgbò mìíràn ti dé. Ó jáde látẹ̀yìn òkìtì búlọ́ọ̀kù, ó tẹ orí ba, ó sì gbéra.

Ohun tó kàn tí Ẹnjiníà Rùkáyà mọ̀ ni pé òun wà lórí dẹ́kìn, mẹ́gáfóònù ṣì wà lọ́wọ́ òun. Kò rántí àkàbà. Bàtà rẹ̀ kan wà nílẹ̀, àgbò ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ lé àgbò náà lọ, Nehemiah sì di àkàbà mú, ó ní kí màdáàmù máa bọ̀. Màdáàmù yẹ etí dẹ́kìn wò, ó pa dà sáàárín kíá, ó jókòó. Ó ní àkàbà yẹn kò bá ìlànà mu. Wọ́n gbé òmíràn wá. Ó ní ìyẹn gùn jù. Wọ́n gbé ẹ̀kẹta wá, ó ní àwọ̀ rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ó wá gbé mẹ́gáfóònù sẹ́nu láìrò ó, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ ohun tó fi pa mọ́ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́.

“Ẹ̀rù ń bà mí.”

Nùrẹ́nì ṣí fìlà rẹ̀, ó wo ohun tó kọ síbẹ̀, ó rọra dé e pa dà. Ó ní kí màdáàmù má ṣe dààmú, àwọn máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí àwọn bá ń ṣe iṣẹ́ gidi, pẹ̀lú ìpàdé àti ètò. Inú Ẹnjiníà Rùkáyà dùn dé ibi pé ó gbàgbé ẹ̀rù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó bi wọ́n láti òkè pé ta ni oníbàárà nínú iṣẹ́ náà.

“Ẹ̀yin ni, mà,” ni Nùrẹ́nì dáhùn.

“Ta wá ni ẹrù?”

“Ẹ̀yin náà ni, mà.”

Ó ní ìdáhùn náà dáa, kí wọ́n tẹ̀ síwájú.

Nehemiah dábàá pé kí wọ́n so okùn mọ́ bárò, kí màdáàmù jókòó sínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa rọra tú u sísàlẹ̀. Màdáàmù ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì kan dán an wò. Bárò dojú dé, àpò bẹ́ lé Nehemiah lórí nísàlẹ̀, ó sì rí bí eérú láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ bárò.

Testimony kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti ń wo àwọn típà tó kó yanrìn ìrẹ́lé wá, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa dà á sí. Ó ní bí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ síbi kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́kìn, tí wọ́n sì fi ṣọ́bìrì tẹ́ ẹ bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, màdáàmù lè rìn wálẹ̀ láìfọwọ́ kan àkàbà. Màdáàmù bi í ní ìbéèrè títí ìbéèrè fi tán, ó sì fọwọ́ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ da yanrìn, wọ́n tẹ́ ẹ, òkìtì náà ga títí ó fi kan dẹ́kìn. Iṣẹ́ náà dáa lójú.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gba ọ̀nà tuntun náà ni àgbò.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bá a lára mu. Ó gùn ún láìsinmi, ó dé orí dẹ́kìn, ó dúró síwájú Ẹnjiníà Rùkáyà, ó tẹ orí ba. Màdáàmù kò dúró rò ó. Ó yẹra fún un, ó fi ìdí jókòó sórí yanrìn, ó sì yọ̀ tẹ̀rẹ́ wálẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀rì àti mẹ́gáfóònù, ó gúnlẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ Màmá Bólúwají, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wá ẹran rẹ̀. Màmá Bólúwají kí i pé ẹ kú ìrìn. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó fi èèpo iṣu han àgbò, àgbò sì rọra rìn wálẹ̀ bí ọmọlúwàbí.

Ẹnjiníà Rùkáyà kò jẹ́ kí wọ́n tú ká láìṣe ìpàdé ìkẹyìn. Ó gbọn yanrìn kúrò nínú híjáàbù rẹ̀, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbàgbé nínú ètò wọn.

“Àgbò, mà,” ni Testimony wí. “Ọ̀rọ̀ náà kàn án, a ò sì pè é sípàdé.”

Rùkáyà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló máa ń sọ fáwọn ọmọ ẹ̀kọ́ tuntun pé ibi gíga ń ba òun lẹ́rù, pé bí ohunkóhun bá ń ba àwọn náà lẹ́rù níbi iṣẹ́, kí wọ́n tètè sọ ọ́ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ti jẹ́wọ́ pé kọnkéré tútù ń rí òun lára. Wọ́n ń bá a ṣe é díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n fún Testimony ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti darí l'Óṣù. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ fẹ̀, irin ìdìmú sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹnjiníà Rùkáyà wá bẹ̀ ẹ́ wò, ó fara ti ògiri gòkè, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó dókè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ń wo àwọn òrùlé ìlú lọ títí dé ibi tí oko kókó ti bẹ̀rẹ̀. Testimony bi í bóyá kí àwọn máa sọ̀ kalẹ̀. Rùkáyà ní kí ó ṣì máa lọ, òun ń bọ̀.